Ohun Tí Bàbá Káfíńtà Wí ní Bẹ́ẹ̀dì Kẹsàn-án

Ọjọ́ Ajé, 2 Èrèlé

Èsì ìdánwò jáde. Mo yege nínú gbogbo rẹ̀ àfi lítíréṣọ̀. Ìgbà kejì nìyí. Bàyọ́lọ́jì tí àwọn ọmọ kéékèèké ń sunkún lé lórí, mo gba máàkì tó jojú nínú rẹ̀. Ọnà èdè ló tún dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kì í gba ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínlógójì. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń wọlé, oṣù kẹwàá ni mo máa pé mẹ́rìndínlógójì. Ìdánwò ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Igbe ló kù fún mi láyé yìí. Bí mo bá tún kùnà, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni màá jẹ́ títí wọ́n á fi fẹ̀yìn mi tì, àwọn ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì á sì máa rán mi níṣẹ́.

Ọkọ mi ní kí n sinmi lọ́dún yìí. Mo bi í pé ọdún wo ló fẹ́ kí n fi sinmi, ṣé èyí tó ti lọ ni àbí èyí tí mi ò ní. Ó gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ tún fíríìjì onífíríìjì ṣe.

Mo ra ìwé yìí lójú ọ̀nà. Tíṣà tó ń kọ́ àwa àgbàlagbà nírọ̀lẹ́ ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí a máa kọ ìwé ìrántí, kí a máa kọ ohun tí a bá gbọ́ lẹ́nu èèyàn sínú rẹ̀. Wọ́n ti fi owó kún ìwé, wọ́n sì ti dín ewé inú rẹ̀ kù. Kò burú. Màá kọ ọ́ kún.

Ọjọ́bọ̀, 5 Èrèlé

Kíláàsì àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ń lò. Bẹ́ǹṣì wọn kéré débi pé orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Tíṣà kọ orúkọ ọnà èdè kún pátákó, ó ní ta ló lè túmọ̀ wọn. Mo nawọ́. Mo kà wọ́n bí mo ṣe ń ka orúkọ oògùn. Àfiwé tààrà, kí a fi nǹkan kan wé òmíràn, kí 'bí' tàbí 'dà bí' wà láàárín wọn. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, kí a pe nǹkan kan ní òmíràn láìsí 'bí' kankan. Ìfohunpènìyàn, kí ohun tí kì í ṣe èèyàn máa hùwà bí èèyàn. Àsọrégèé, kí a sọ ọ̀rọ̀ kọjá bó ṣe mọ. Àdàpè, kí a fi ọ̀rọ̀ tó rọ̀ rọ́pò èyí tó le. Mi ò já ọ̀kan sílẹ̀.

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Tíṣà nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Ìyá Wọ́ọ̀dù, ẹ mọ orúkọ wọn. Ẹ ò tíì pàdé wọn ni."

Inú bí mi délé. Mo lẹ orúkọ gbogbo wọn mọ́ ògiri ilé ìdáná, lókè sítóòfù, ibi tí ojú mi kò ti ní lè sá fún wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Èrèlé

Méjì nínú ogún.

Tíṣà kọ ewì onílà méjì fúnra rẹ̀, ó ní kí a sọ ọnà èdè tó wà níbẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe:

Oòrùn yọjú lójú fèrèsé, ó bú mi ní ọ̀lẹ,
Mo fi aṣọ bojú, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ohun tí mo kọ nìyí: "Ilẹ̀ ti mọ́. Ẹni náà ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Oòrùn kì í sọ̀rọ̀, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ibà ti mú un. Kí wọ́n wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó."

Tíṣà kà á sókè. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí aránṣọ kan láàárín wa fi ní ìhà ń dun òun. Ojú tì mí, ilẹ̀ ò sì lanu kí n wọ inú rẹ̀ lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ ìfohunpènìyàn dáadáa. Ọwọ́ mi ló kàn kọ ohun tó máa ń kọ.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ, Tíṣà bi mí pé irú ìwé wo ni mo ń kọ níbi iṣẹ́. Mo sọ fún un nípa ìwé àbọ̀ wọ́ọ̀dù. Mátíróònù lẹ òfin rẹ̀ mọ́ ògiri: Ohun tí ojú rí. Ohun tí ẹ̀rọ kà. Ó tán. Bí aláìsàn bá ní orí òun fẹ́ là sí méjì, 'orí ń fọ́ ọ' la ó kọ. Bó bá ní òun kò fi ojú kan oorun láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, 'kò sùn dáadáa' la ó kọ. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe é, kò sì sí ẹni tí ìwé rẹ̀ mọ́ tó tèmi.

Tíṣà mi orí. Ó ní ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ń fọ ọ̀rọ̀, àti pé ìdọ̀tí tí mo ń dà nù yẹn gan-an ni òun ń wá nínú ìdánwò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Èrèlé

Ooru mú. Tíṣà ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé, kí n máa tẹ́tí sí àwọn èèyàn mi.

Ọkọ mi wọlé lọ́sàn-án, ó ní ebi ti pa òun kú, òun ti kú tán, kí n jọ̀ọ́ gbé oúnjẹ wá. Mo ní, "Àsọrégèé." Ó ní ṣé àsọrégèé náà la máa jẹ. Ọmọ wa, ọmọ ọdún méjìlá tí a ń pè ní Lọ́yà nítorí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá láìfẹnu sí i, ní àwítúnwí tún wà níbẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá òun kú. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ wá ń jiyàn bóyá wọ́n kú kan náà ni àbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí a tó parí rẹ̀, ìrẹsì ti jóná. Òkú náà dìde, ó lọ ha èyí tó kù nínú ìkòkò.

Mo ti ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin yìí fún ọdún mẹ́tàlá, mi ò mọ̀ pé akéwì ni.

Ọjọ́bọ̀, 19 Èrèlé

Wọ́n gbé bàbá kan wá sí bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Káfíńtà ni. Ó jábọ́ lórí àkàbà, egungun itan rẹ̀ kán, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ga. Wọ́n fi okùn so ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀, wọ́n ní yóò tó oṣù kan àbọ̀ níbẹ̀.

Mo bi í pé báwo ni ẹsẹ̀. Ó wò ó lókè níbi tó so rọ̀ sí, ó ní, "Ọmọ mi, igi tútù ni wọ́n so mọ́ mi lára yìí. Kò gba ìṣó, kò gba ayùn."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé àbọ̀ pé: ẹsẹ̀ ọ̀tún wú, ó ń dùn ún. Mo pa ìwé dé. Mo tún ṣí i. Àṣé bí mo ṣe ń dà wọ́n nù rèé.

Mo fa ìlà sí àárín ewé kan nínú ìwé tèmi yìí. Apá òsì, Ó Wí. Apá ọ̀tún, Mo Kọ. Mi ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Èrèlé

Apá òsì ti ń kún. Bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án wí pé ẹ̀yìn òun ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. (Mo kọ: ẹ̀yìn ń ro ó.) Ó wí pé afẹ́fẹ́ ojú fèrèsé máa ń wá kí òun láàárọ̀, kò sì ní sùúrù láti jókòó. (Mo kọ: ó ní òtútù ń mú òun, mo ti fèrèsé.)

Mo jẹ́wọ́ fún un lónìí pé mo ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni orúkọ ti ilẹ̀kùn yẹn. Mo ní àfiwé tààrà. Ti igi tútù ńkọ́? Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́. Ti afẹ́fẹ́? Ìfohunpènìyàn. Ó ní òun ti di ẹni àádọ́rin ọdún, òun ò mọ̀ pé òun ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nílé.

Ó ní tí òun bá délé, òun á fi pẹ́ńsù káfíńtà kan ránṣẹ́ sí mi fún ìdánwò. Ó ní pẹlẹbẹ ni wọ́n ṣe é, kì í yí bọ́ sílẹ̀ lórí pákó.

Ọjọ́rú, 4 Ẹrẹ́nà

Òjò àkọ́kọ́. Páànù kíláàsì ń pariwo, Tíṣà ń pariwo lé e.

Mọ́kànlá nínú ogún. Ìbéèrè pèsìjẹ ló bà mí jẹ́. Mo mọ̀ ọ́n lórí: ìbéèrè tí a kò retí ìdáhùn sí, tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́ni létí. Tíṣà kọ ọ́ pé, "Ta ni kò mọ̀ pé oòrùn ń ràn?" Mo dáhùn pé ọmọ tuntun. Ó ní ẹnikẹ́ni kò bi mí. Mo ní wọ́n fi àmì ìbéèrè sí i. Ní wọ́ọ̀dù, bí dókítà bá fi àmì ìbéèrè sí nǹkan, ó fẹ́ gbọ́ ìdáhùn kó tó kúrò níbẹ̀.

A tún jà lórí àdàpè. Mo sọ fún un pé irọ́ tí wọ́n wọ aṣọ fún ni. Bí èèyàn bá kú ní wọ́ọ̀dù, 'ó kú' la ń kọ, pẹ̀lú aago ikú rẹ̀. Bí a bá kọ pé ó sùn, ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa á lọ jí i pé kó dìde lo oògùn. Tíṣà ní àdàpè kì í ṣe ti ìwé àbọ̀, ti ẹnu tó máa sọ ọ̀rọ̀ náà ni. Mo bi í pé ẹnu ta ni kò lè sọ 'kú'. Ó ní kí n lọ ka ìwé mi.

Mo ń kà á. Mọ́kànlá kì í ṣe méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Ẹrẹ́nà

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìwé yìí padà fún mi ni. Lọ́jọ́ Ajé, Mátíróònù ká mi mọ́ yàrá aṣọ níbi tí mo jókòó lé ìdì aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tí mo ń kàwé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀jọ̀gbọ́n." Mátíróònù tí kò pè mí ní 'ẹ' rí láti ọdún mọ́kànlá. Kí n tó dìde ni mo ti mọ orúkọ ohun tó ṣe: ẹ̀dà-ọ̀rọ̀, kí ẹnu máa yìn ọ́ nígbà tí inú ń bú ọ. Ó gba ìwé lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń retí pé wọ́n á lé mi. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn páálí ṣúgà, mi ò dáwọ́ dúró. Lónìí ó pè mí. Ó ní òun ti ka ojú ewé bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án, pé orúkọ aláìsàn tí kò sí níbẹ̀ ló yọ mí. Ó ní kí ìwé tèmi dúró síbí, kí ìwé àbọ̀ òun dúró síbẹ̀, kí àwọn méjèèjì má pàdé láé.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Òótọ́ ni mo sọ, kò sí ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Ẹrẹ́nà

Mi ò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Aago méjì ọ̀sán, mo lọ wo bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án. Mo wọn ìfúnpá rẹ̀ ní apá òsì, kò yàtọ̀ sí ti àárọ̀. Ara rẹ̀ kò gbóná. Ṣùgbọ́n òógùn bò ó, kò sì bá mi ṣàwàdà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Ọmọ mi, ẹnì kan ń fi ayùn ya mí bí pákó. Ó ti iwájú àyà wọlé, ó ń ya lọ sí ẹ̀yìn."

Mo pe nọ́ọ̀sì tó wà lórí iṣẹ́. Ó wo ẹ̀rọ, ó ní inú ló ń kún un, àìdìde nílẹ̀ ló fà á, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, dókítà á rí i bó bá ń yí wọ́ọ̀dù ká nírọ̀lẹ́. Mo jókòó ti ìwé àbọ̀. Mo kọ: àyà ń dùn ún. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ó mọ́ tónítóní, ó bá òfin mu.

Mi ò lè dìde níbẹ̀. Mo ń ro gbogbo apá òsì ìwé mi. Láti ọjọ́ tí bàbá yìí ti dé, gbogbo àfiwé rẹ̀, òun ni káfíńtà inú rẹ̀: òun ló ń wo igi, òun ló ń gbọ́ ilẹ̀kùn. Lónìí nìkan ló sọ ara rẹ̀ di pákó. Ayùn ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí inú ń kún kì í sọ ọ́ báyìí.

Mo fa ìlà sí ohun tí mo kọ. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, láti orí ayùn dé orí ẹ̀yìn, mi ò fọ ọ̀kan. Mi ò sì dúró de ìrọ̀lẹ́. Mo gbé ìwé náà lọ bá dókítà níbi tó ti ń jẹun.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó tún un kà. Ó bi mí pé ṣé bàbá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ń ya, pé ó sì ń lọ sí ẹ̀yìn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sáré. Ó wọn ìfúnpá ní apá méjèèjì, òsì àti ọ̀tún kò bára mu rárá. Ó ní ògiri iṣan ńlá tó ti ọkàn wá ló ń ya. Kí aago mẹ́ta àbọ̀ tó lù, áńbúláǹsì ti gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá fún iṣẹ́ abẹ.

Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án. Mi ò lọ sí kíláàsì.

Ọjọ́rú, 18 Ẹrẹ́nà

Mátíróònù ṣí ìwé àbọ̀ sórí tábìlì, ó fi ìka lé ìlà yẹn. Ó ní ta ló ní kí n kọ ewì sínú ìwé òun. Mo ní èmi ni, mà, bó bá tún ṣẹlẹ̀, màá tún kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò bẹ̀bẹ̀.

Ó ní dókítà ti wá bá òun. Dókítà ní ká ní 'àyà ń dùn ún' ni wọ́n kọ, ìrọ̀lẹ́ ni òun ì bá tó dé ibẹ̀, òkú ni òun ì bá sì bá. Mátíróònù dìde, ó mú bíróò, ó fi ìlà kan kún òfin ara ògiri: Ohun tí aláìsàn wí, bó ṣe wí i.

Ó ní kí n lọ pààrọ̀ omi inú ife bẹ́ẹ̀dì kejì.

Ọjọ́bọ̀, 26 Ẹrẹ́nà

Mẹ́rìndínlógún nínú ogún. Òjò ojoojúmọ́, aṣọ ò gbẹ. Owó ọkọ̀ tún ti lé.

Ìyàwó Bàbá Káfíńtà pè sí wọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ abẹ ti parí, bàbá yè é. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo tó wà ní òkè òkun, tí wọn kò rí láti ọdún mẹ́jọ, ń bọ̀ lọ́la. Wọ́n gbé fóònù sí bàbá létí. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Ó ní wọ́n ti fi gúlù lẹ òun pọ̀, wọ́n ní kí òun má tíì mira títí yóò fi gbẹ. Mo ní àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ nìyẹn, bàbá. Ó ní òun mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 6 Igbe

Méjìdínlógún. Tíṣà pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́rú, 8 Igbe

Ìyàwó Bàbá Káfíńtà wá sí wọ́ọ̀dù lọ́sàn-án, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀. Wọn kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí. Mo jáde lọ kí wọn. Màmá tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú pẹ́ńsù kan jáde, pẹlẹbẹ, pupa, wọ́n ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀.

Ó ní, "Ó ní kí n gbé e fún ẹ kó tó di ọjọ́ ìdánwò ẹ. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé òun ti kó irinṣẹ́ òun sínú àpótí, òun sì ti gbá ṣọ́ọ̀bù."

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, mo mọ ohun tí ǹ bá fi fèsì. Ǹ bá ní ṣé bàbá ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ni, pẹ̀lú itan rẹ̀ tí kò tíì jinná?

Mo ní, "Nígbà wo ni, mà?"

"Ọjọ́ Àìkú, ní ìdájí. Ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀."

Ọmọbìnrin náà ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ni òun fi jókòó ti bàbá òun, pé wọ́n sọ gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n sọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ kékeré tí mo ti kọ sínú ìwé àbọ̀ láìmọye ìgbà pẹ̀lú aago rẹ̀, ó kọ̀, kò jáde. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ́jú. Ó ti ṣiṣẹ́ dáadáa, ó tó kó sinmi." Mo gbọ́ ara mi bí mo ṣe sọ ọ́. Màmá di ọwọ́ mi mú, àwa mẹ́ta sunkún lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

Mo bi Tíṣà nínú oṣù tó kọjá pé ẹnu ta ni kò lè sọ 'kú'. Ẹnu tèmi ni. Kì í ṣe irọ́. Gbogbo wa tó wà níbẹ̀ la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tó tan ẹnì kejì jẹ. Ọ̀rọ̀ tó rọ̀ yẹn kàn jẹ́ kí a lè dúró lórí ẹsẹ̀ wa títí a fi sọ ọ́ tán ni.

Ọ̀la ni ìdánwò. Mi ò ní ka nǹkan kan mọ́ lónìí.

Ọjọ́bọ̀, 9 Igbe

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọmọ tí mo lè bí ló yí mi ká. Alámòójútó ní bíróò nìkan ni wọ́n gbà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí n kàn gbé pẹ́ńsù náà sórí tábìlì. Tábìlì mi dagẹ̀rẹ̀, bíróò mi ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Pẹ́ńsù kò kúrò lójú kan.

Wọ́n béèrè ìfohunpènìyàn, mo kọ afẹ́fẹ́ tí kò ní sùúrù láti jókòó. Wọ́n fi ìbéèrè pèsìjẹ kan síbẹ̀, mo kọ orúkọ rẹ̀, mi ò dáhùn rẹ̀. Ìbéèrè karùn-ún: Kí ni àdàpè? Kọ àpẹẹrẹ kan tí ìwọ fúnra rẹ gbọ́, kí o sì sọ iṣẹ́ tó ṣe. Mo rí i pé àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ń kọ̀wé. Mo gbé bíróò sílẹ̀ ná, mo nu ojú mi, mo tún gbé e. Ojú ewé kan ààbọ̀ ni mo kọ.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí ojú ewé bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án. Lábẹ́ Ó Wí, mo fi pẹ́ńsù rẹ̀ kọ pé: Mo ti kó irinṣẹ́ mi sínú àpótí, mo sì ti gbá ṣọ́ọ̀bù. Lábẹ́ Mo Kọ, mo fẹ́ kọ ọjọ́ àti aago. Mo kọ ohun kan náà tó wà lápá òsì.

Ọjọ́rú, 3 Òkúdu

Mo yege. Lọ́yà kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kì í ṣe àwítúnwí, pé òun ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti gba fọ́ọ̀mù mi. Tíṣà ní òun mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, irọ́ ló ń pa, kò mọ̀. Mátíróònù ní, "O kú iṣẹ́," ó sì lọ. 'O' ló pè mí. Mo mọ̀ pé ó dé inú rẹ̀.

Ọkọ mi dé láti ibi iṣẹ́. Ó dúró síta pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun ò lè wọlé, nítorí orí òun ti wú débi pé kò lè gba ẹnu ọ̀nà yìí mọ́. Mo dìde, mo lọ ṣí apá kejì ilẹ̀kùn fún un.